Ẹ̀rọ Tó Kọrin Kó Tó Kú

Ní ọjọ́ kẹjọ oṣù Kejì ọdún 2022, NMDPRA, àjọ ìjọba tó ń mójú tó epo bẹntiróòlù láti ibùdó títí dé ilé epo, kéde pé àwọn ti rí epo kan nígboro tí methanol, irú ọtí olóró kan, tó wà nínú rẹ̀ ju ìwọ̀n tí Nàìjíríà fọwọ́ sí lọ. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ sí i, Mele Kyari tó jẹ́ ọ̀gá àgbà NNPC nígbà náà ṣàlàyé pé láti Antwerp, nílẹ̀ Belgium, ni epo ọ̀hún ti wọlé, àti pé àwọn tó yẹ̀ ẹ́ wò kò ká methanol mọ́ ọn, torí pé kò sí lára ohun tí ètò àyẹ̀wò wa ní kí wọ́n wò. Ìjọba ní kí wọ́n kó èyí tó kù kúrò lọ́jà. Bí ọ̀wọ́n epo ṣe dé nìyẹn. Ní Ṣàngó-Ọ̀tà, ọkọ̀ tò gbọọrọ lẹ́nu ilé epo lójú ọ̀nà Èkó sí Abẹ́òkúta, àwọn tó ń fi kẹ́ẹ̀gì ta epo sì gba ẹ̀gbẹ́ títì.

Bí a bá ń sọ̀rọ̀ epo burúkú ọdún yẹn, mọ́tò la máa ń sọ. A kì í rántí àwọn ẹ̀rọ kéékèèké tó ń mu epo kan náà: ẹ̀rọ ìgéko tí wọ́n ń gbé kọ́ èjìká, ẹ̀rọ tí àwọn agégi ń lò, ẹ̀rọ ìfọ́nkòkòrò tí wọ́n ń pọ̀n sẹ́yìn, jẹnẹrétọ̀ kékeré tí aráyé sọ ní I better pass my neighbour. Ẹ́ńjìnnì two-stroke ló wà nínú púpọ̀ wọn, epo burúkú sì tètè ń pa ẹ́ńjìnnì two-stroke ju bó ṣe ń pa mọ́tò lọ. Ìtàn ọ̀kan nínú wọn ni mo fẹ́ sọ. Mo mọ ẹni tó ni ín, mo sì wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n tú u.

Iṣẹ́ géko-géko ni ọ̀dọ́mọkùnrin náà ń ṣe ní Ọ̀tà. Ẹni tó bá mọ àwọn iléeṣẹ́ ńláńlá tó wà lójú ọ̀nà Ìdí-Ìrókò yóò mọ̀ pé bí ẹ̀rọ ṣe ń ṣiṣẹ́ nínú ọgbà ni koríko ń hù lẹ́bàá ògiri. Òjò àkọ́rọ̀ kan, òjò kejì, eèsún ti dé orúnkún. Ejò fẹ́ràn irú ibẹ̀, àwọn ọ̀gá iléeṣẹ́ ò sì fẹ́ kí àlejò bá igbó lẹ́nu géètì wọn. Iṣẹ́ wà fún ẹni tí ẹ̀rọ rẹ̀ bá dára. Tirẹ̀ dára. Owó àjọ tó kó ló fi rà á, ó sì ń tọ́jú rẹ̀.

Nígbà tí epo wọ́n ní oṣù Kejì yẹn, ẹ̀rù bà á pé ìgbà òjò á dé bá òun láìsí epo. Iye tí ilé epo ń tà á nígbà náà kò ju nǹkan bíi ₦165 lọ fún lítà kan, àmọ́ ta ló fẹ́ tò títí ilẹ̀ fi máa ṣú? Lẹ́bàá títì, iye tó bá wu ẹni tó ni kẹ́ẹ̀gì ni. Ó san án. Ó ra kẹ́ẹ̀gì oní-lítà 25 ní kíkún, ó gbé e sábẹ́ páànù lẹ́yìnkùlé, ó ń lò ó díẹ̀díẹ̀. Oòrùn ń pa páànù ọ̀hún lọ́sàn-án, ìrì ń sẹ̀ lóru, ìdérí kẹ́ẹ̀gì náà kò sì wọlé dáadáa.

Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀ ní pẹrẹu, ó bu nínú epo náà, ó po ọ́ìlì mọ́ ọn bó ṣe máa ń pò ó, ó gba ibi iṣẹ́ lọ. Ẹ̀rọ kọ̀. Ó fa okùn títí apá fi ń ro ó. Nígbà tó wá jí, ó ń ṣe sìló dáadáa, àmọ́ bó bá ti fún un níná, á wú lẹ́ẹ̀kan, á kú. Bó bá fa ṣóòkù díẹ̀, á tún mí. Ẹni tó gbọ́ èdè ẹ̀rọ á ti mọ ohun tó ń sọ níbẹ̀. Ṣóòkù ń dí afẹ́fẹ́ lọ́nà kí epo lè pọ̀ sí i. Ẹ̀rọ tó gbóná tán tí ṣóòkù ṣì ń tù lára, epo ni kò tó o. Ìbéèrè tó yẹ kí wọ́n bi ara wọn nìyẹn: kí ló dé tí epo ò fi tó o? Kò sẹ́ni tó bi í.

Ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan tó ń gégi ló kọ́kọ́ gbà á nímọ̀ràn. Ó ní, "Ọ́ìlì ẹ ò tó ni. Fi kún un." Ọ̀rọ̀ náà dùn ún gbọ́. Ọ́ìlì ni oògùn ẹ́ńjìnnì, ta ni kò mọ̀? Ó sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Èéfín bo ojú ọ̀nà. Sàlẹ́ńsà bẹ̀rẹ̀ sí í da itọ́ dúdú. Ó tú pílọ́ọ̀gì, ó bá a tó dúdú tó tún tutù, ó nù ún, ó dá a padà, ẹ̀rọ tún jí díẹ̀, ó tún kú.

Ó yẹ kí n dúró síbí díẹ̀, torí pé àṣìṣe yìí pọ̀ nílẹ̀ wa. Ẹ́ńjìnnì two-stroke inú irú ẹ̀rọ kékeré bẹ́ẹ̀ kò ní ibi tí wọ́n ń da ọ́ìlì sí lọ́tọ̀. Láti nǹkan bí ọdún 1890 tí Joseph Day ti gbé irú rẹ̀ jáde ní ìlú Bath, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, inú ikùn ẹ́ńjìnnì gan-an ni epo àti afẹ́fẹ́ ń kọ́kọ́ gbà kí wọ́n tó gòkè lọ síbi tí iná wà. Ọ́ìlì tí a pò mọ́ epo ni yóò fi ara kan bẹ́ríìnì àti písítìnì bó ṣe ń kọjá, lẹ́yìn náà ni òun náà yóò jóná. Ìwọ̀n tí púpọ̀ àwọn ẹ̀rọ òde òní ń fẹ́ ni 1 sí 50: ọ́ìlì mìlílítà 20 sí lítà epo kan, mìlílítà 80 sí gálọ́ọ̀nù oní-lítà 4, ìdajì lítà sí kẹ́ẹ̀gì oní-lítà 25. Àwọn mìíràn ń fẹ́ 1 sí 25, ìyẹn ìlọ́po méjì. Ohun tí wọ́n kọ sára ìdérí táńkì tàbí sínú ìwé ẹ̀rọ ni kí a tẹ̀lé.

Ọ́ìlì tó pọ̀ jù ń ṣe ìpalára méjì. Àkọ́kọ́, èédú á dì mọ́ pílọ́ọ̀gì àti ojú ihò tí èéfín ń gbà jáde. Èkejì ni ọ̀pọ̀ ò mọ̀: ihò kabúrétọ̀ kò tóbi sí i, nítorí náà bí ọ́ìlì bá gba àyè nínú ohun tó ń kọjá, epo ló dín kù. Ẹ̀rọ tí epo ò tó tẹ́lẹ̀, a tún fi ọ́ìlì lé díẹ̀ tó ń rí kúrò lọ́nà. Àwa nìkan kọ́ la sì ń ṣe é. Ní Dhaka, olú ìlú Bangladesh, nígbà tí kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta oní-two-stroke kún ìgboro, àwọn olùwádìí Báǹkì Àgbáyé rí i pé ọ̀pọ̀ awakọ̀ ń po ọ́ìlì ju ìlọ́po méjì ohun tó yẹ lọ, ọ́ìlì mọ́tò lásán sì ni. Wọ́n gbà pé bó bá ṣe pọ̀ tó ni ẹ́ńjìnnì á ṣe pẹ́ tó. Èéfín wọn ṣe ọmọ ìlú báṣubàṣu débi pé nígbà tí ọdún 2003 fi wọlé, ìjọba ti lé kẹ̀kẹ́ náà kúrò ní Dhaka.

Ẹ jẹ́ ká padà sí Ọ̀tà. Lẹ́yìn ọ́ìlì, ó gbé ẹ̀rọ náà lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì ọ̀kadà kan tí ọwọ́ rẹ̀ yá. Èyí kò tú nǹkan kan. Ó fa okùn, ó fetí sí i, ó yọ síkúrúdíráfà tẹ́ẹ́rẹ́ nínú àpò, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí síkúrúù ara kabúrétọ̀. Ó dé ọ̀kan sínú díẹ̀, ó gbé sìló sókè, ó tún dé e sí i. Ohùn ẹ̀rọ yí padà. Èéfín dín kù, ohùn tó ń kólòlò já gaara, ó ga, ó mú, ó sì dùn. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà pariwo pé, "Ọ̀gá, ẹ ti jí òkú dìde!" Ó sanwó, ó dúpẹ́, ó lọ.

Ó dé iléeṣẹ́ tó ti gba iṣẹ́ ní kùtù òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀bá ògiri. Ẹ̀rọ náà ń gé e ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì pàápàá yìn ín. Bí oòrùn ṣe ń mú, ohùn ẹ̀rọ tún ga sí i láìjẹ́ pé ó fún un níná kún èyí tó ti fún un. Ó rò pé ara ẹ̀rọ ti yá ni. Ohùn náà tún ga, ó wá já lójijì. Ó fa okùn, okùn kò wá. Ẹ́ńjìnnì ti nọ́ọ̀kì.

Ẹni tó tú u wà nítòsí abẹ́ afárá Ṣàngó, bàbá kan tó ti ń tún ẹ́ńjìnnì two-stroke ṣe láti ayé Vespa àti Suzuki. Jẹnẹrétọ̀ kéékèèké tò sí iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ọmọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó. Àná ni wọ́n tún un ṣe o." Bàbá náà ò fèsì. Ó tú sàlẹ́ńsà kúrò, ó tan iná tọ́ọ̀ṣì sínú ihò tó kù, ó sì ní kí a wá wò ó. Ara písítìnì tó yẹ kó máa dán ti họ yánnayànna láti òkè dé ìsàlẹ̀, ní apá ibi tí èéfín ń gbà jáde, níbi tó máa ń gbóná jù. Ríìngì ti lẹ̀ mọ́ ojú ihò rẹ̀.

Bàbá béèrè pé, "Epo tí o lò dà?" Ó ní ó wà nílé. Bàbá ní, "Lọ gbé e wá. Èyí tí o ò tíì po ọ́ìlì mọ́."

Nígbà tó gbé kẹ́ẹ̀gì dé, bàbá bu omi díẹ̀ sínú ìgò oníke tó mọ́ gaara, ó fi bírò fa ìlà síbi tí omi dé. Ó da epo lé e títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kún, ó dé e, ó mì í dáadáa, ó gbé e kalẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì, ó sì bá iṣẹ́ mìíràn lọ. Nígbà tó padà, epo ti lé sókè, omi ti sọ̀ sísàlẹ̀, gbogbo wa sì rí i pé omi ti ga kọjá ìlà tí ó fà.

Ọmọkùnrin náà ní, "Bàbá, ṣé epo ló di omi ni?"

"Epo kì í di omi. Ohun kan ló wà nínú epo ẹ tó fẹ́ràn omi ju epo lọ. Ó rí omi, ó sá bá a."

Àyẹ̀wò yẹn kò náni ní kọ́bọ̀, ẹnikẹ́ni lè ṣe é níta gbangba, níbi tí iná ò sí. Bí ìlà omi bá dúró síbi tó wà, kò sí methanol tàbí ọmọ ìyá rẹ̀ nínú epo. Bó bá gòkè, ó wà níbẹ̀, bó bá sì ṣe gòkè tó ló ṣe pọ̀ tó. Ẹ má ṣe fi ẹnu fa irú epo bẹ́ẹ̀ láti inú kẹ́ẹ̀gì bí àwọn ọmọ wa ṣe máa ń fi rọ́bà fà á. Methanol yìí kan náà ló wọnú ògógóró tó sì pa ọ̀pọ̀ ènìyàn lágbègbè Òde-Ìrèlè, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, ní oṣù Kẹrin ọdún 2015. Ó ń fọ́ni lójú kó tó pani.

Ohun tó ṣe sí ẹ̀rọ náà rèé. Kìlógíráàmù epo bẹntiróòlù kan ń fẹ́ afẹ́fẹ́ tó tó kìlógíráàmù 14.7 kó tó jó dáadáa. Methanol kò fẹ́ ju nǹkan bíi 6.5 lọ. Ìyẹn ni pé fún afẹ́fẹ́ kan náà, methanol ní láti pọ̀ ju epo lọ ní ìlọ́po méjì. Kabúrétọ̀ ò mọ èyí. Ìwọ̀n epo ni wọ́n fi lu ihò rẹ̀, ìwọ̀n yẹn náà ló ń bù. Bí ebi epo ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, tí ṣóòkù fi ń tù ú lára. Lẹ́yìn náà, ọ́ìlì two-stroke ń wọnú epo dáadáa, ṣùgbọ́n kì í fẹ́ bá methanol pọ̀. Methanol tún máa ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́. Bí omi ọ̀hún bá pọ̀ tó, òun àti methanol á ya ara wọn sọ́tọ̀ sí ìsàlẹ̀ táńkì, ìsàlẹ̀ táńkì yẹn sì ni fílítà epo ń gbé. Ẹ́ńjìnnì á wá fa ohun tí kò ní ọ́ìlì nínú, tí kò sì jó bí epo. Ní ti rọ́bà epo àti awọ pẹlẹbẹ inú kabúrétọ̀, methanol a máa mú wọn wú tàbí kó mú wọn gan. Nígbà tí bàbá tú ti ọmọ náà, awọ ọ̀hún ti ká jọ.

Mẹkáníìkì ọ̀kadà bá ẹ̀rọ tí epo ò tó, ó sì tún dé síkúrúù tí epo ń gbà kọjá. Kí ló dé tí ó fi wá dùn? Ọ́ìlì àpọ̀jù tó ń dí i lọ́wọ́ ló dín kù, ohun díẹ̀ tó kù sì ń jó fẹ́rẹ́. Ẹ́ńjìnnì two-stroke tí epo ò tó a máa sáré, ohùn rẹ̀ a mọ́, agbára á dà bí èyí tó pọ̀ sí i. Nínú agbára yẹn, ooru ń gun òkè, ọ́ìlì tó yẹ kó bo písítìnì ń tán. Ẹ̀rọ ìgégi lè yí tó ìgbà 12,000 láàárín ìṣẹ́jú kan, two-stroke sì ń dáná ní gbogbo ìgbà tó bá yí. Iná igba rèé láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí písítìnì bá wú nínú irú ooru bẹ́ẹ̀, kò sí àyè fún àforíjì.

Bàbá náà sọ ọ́ ní gbólóhùn kan: "A kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá. Síkúrúù ni làpálàpá." Ó gbé ẹ̀rọ mìíràn tó wà nílẹ̀, ó sì fi ètò tó ń tẹ̀lé han ọmọ náà, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Epo ló kọ́kọ́ dé. Ó da gbogbo èyí tó wà nínú táńkì nù, ó wo ìsàlẹ̀ rẹ̀ bóyá omi wà níbẹ̀, ó fi ìkọ́ fa fílítà epo jáde, ó wo rọ́bà epo bóyá ó ti sán. Ó tẹ rọ́bà róbótó tó ń fa epo gòkè, ó wò bóyá atẹ́gùn ń bá epo wá. Lẹ́yìn epo, afẹ́fẹ́: fílítà tí eruku Ọ̀tà ti dí kì í jẹ́ kí ẹ̀rọ mí, á sì máa mu epo jù. Ó fi ọṣẹ àti omi fọ̀ ọ́, ó jẹ́ kó gbẹ. Ó kan pílọ́ọ̀gì. Bí àwọ̀ rẹ̀ bá pọ́n bí ara ẹ̀pà, ẹ̀rọ ń jẹun re. Bó bá dúdú tó sì tutù, epo tàbí ọ́ìlì ti pọ̀ jù, tàbí iná ò tó. Bó bá funfun, epo ò tó, ewu ń bọ̀.

Ó bọ́ sórí sàlẹ́ńsà. Nẹ́ẹ̀tì wáyà kékeré kan wà lẹ́nu ọ̀pọ̀ sàlẹ́ńsà láti mú kí iná má fò jáde. Bí èédú bá dí i, ẹ̀rọ á jí, á ṣe sìló, kò ní lè sáré. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ra kabúrétọ̀ tuntun nítorí nẹ́ẹ̀tì tí búrọ́ọ̀ṣì onírin lè nù mọ́. Lẹ́yìn náà ni ó wá ibi tí atẹ́gùn lè máa yọ́ wọlé: gáásìkẹ́ẹ̀tì tó ti já, rọ́bà àárín kabúrétọ̀ àti sìlíńdà tó ti sán, ọ́ìlì síìlì tó ti jẹ. Àmì rẹ̀ ni pé sìló kì í dúró sójú kan. Á lọ sókè, á padà sílẹ̀, láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án. Ó kan agbára ìfúnpọ̀. Ó gbé ẹ̀rọ náà rọ̀ lórí okùn ìfà rẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá rọra ń sọ̀kalẹ̀ tó ń dá dúró, ríìngì ṣì dára; bó bá já ṣòòròṣò lọ sílẹ̀, kò sí síkúrúù tó lè tún un ṣe.

Ìgbà tí gbogbo ìyẹn pé ló tó mú síkúrúdíráfà. Síkúrúù mẹ́ta ló máa ń wà níbẹ̀: L fún epo ìsàlẹ̀, H fún epo òkè, T fún sìló. Ó rọra dé L àti H títí wọ́n fi kanlẹ̀, kò fún wọn, ó sì tú ọ̀kọ̀ọ̀kan padà ní yíyí kan àti díẹ̀. Ó jẹ́ kí ẹ̀rọ gbóná. Ó yí L títí ó fi rí ibi tí ẹ̀rọ ti ń yára jù, ó wá ṣí i díẹ̀ kọjá ibẹ̀ kó lè gba iná láìkọsẹ̀. Ó fi T dín sìló kù títí abẹ fi dúró jẹ́ẹ́. Ó fún un níná dópin fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, ó ń ṣí H títí ohùn tó mọ́ gaara fi bẹ̀rẹ̀ sí í kólòlò.

Ọmọkùnrin náà ní, "Bàbá, kò dùn tó ti tèmi."

Bàbá ní, "Gbé e sínú koríko." Ó gbé e sínú ìdì koríko tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Bí abẹ ṣe wọnú koríko, ẹ̀rọ rí ẹrù gbé, kólòlò náà parẹ́, ó ń gé e lọ. Ó gbé e kúrò, ó tún kólò. Epo tó ṣẹ́ kù díẹ̀ nígbà tí kò sí ẹrù ni ohun tó ń tu písítìnì lára nígbà tí ẹrù bá dé. Ẹ kíyè sí i pé àwọn ẹ̀rọ tuntun kan ní ohun tó ń gé iná bí wọ́n bá sáré jù, èyí a sì máa mú irú ohùn kan náà wá. Fún irú wọn, òǹkà tó ń ka iye ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí ló yẹ kí mẹkáníìkì lò, kó má fi etí nìkan ṣe é.

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ra sìlíńdà àti písítìnì tuntun, rọ́bà epo àti awọ kabúrétọ̀ tuntun. Iléeṣẹ́ tó gbé iṣẹ́ fún un ò dúró dè é. Wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún ẹlòmíràn. Nísinsìnyí, gálọ́ọ̀nù kan ló ń rà lẹ́ẹ̀kan, ó ń kọ ọjọ́ tó rà á sára rẹ̀, èyí tó máa lò láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan nìkan ló ń pò. Ó ní ife kékeré tó fi ń wọn ọ́ìlì. Ọ́ìlì two-stroke tí wọ́n kọ JASO FB tàbí FC sí lára ló ń rà. Kì í lo ọ́ìlì mọ́tò, kì í sì í lo èyí tí wọ́n kọ TC-W3 sí, torí pé ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi tí àwọn apẹja Ẹ̀pẹ́ àti Bàdágírì ń lò ni wọ́n ṣe ìyẹn fún. Omi ló ń tu wọ́n lára, tiwa sì ń gbóná jù wọ́n lọ. Bí iṣẹ́ bá tán fún ìgbà pípẹ́, á da epo kúrò nínú táńkì, á jẹ́ kí ẹ̀rọ jó èyí tó kù nínú kabúrétọ̀ títí á fi kú fúnra rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ yìí kan àwa tí a kì í géko pẹ̀lú. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tó wà lẹ́yìnkùlé yín, ẹ́ńjìnnì kan náà ló sábà máa ń wà nínú rẹ̀. Bó bá ń rú èéfín, ẹ má kàn ní kí wọ́n yí síkúrúù rẹ̀. Yálà ó ń rú u tàbí kò rú u, ẹ má gbé e sínú ilé tàbí ọ̀dẹ̀dẹ̀, torí carbon monoxide tó ń jáde lẹ́nu rẹ̀ kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, ó sì ti pa odidi ìdílé lójú oorun nílẹ̀ yìí. Owó epo náà kò sì jẹ́ ká lè máa fi ṣòfò mọ́: láti ìgbà tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú ti kéde ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, ohun tó wà nísàlẹ̀ ₦200 ti ré kọjá ₦480 láàárín ọjọ́ mélòó kan, ó sì ṣì ń gòkè lẹ́yìn náà. Ọ̀wọ́n a máa sọni di ẹni tó ń ra ohun tó bá rí, tó sì ń tọ́jú ohun tó yẹ kó dànù.

Ìmọ̀ràn méjì tí ọmọkùnrin yẹn gbà kò wá láti ọwọ́ ọ̀tá. Ẹni tó ní kó fi ọ́ìlì kún un fẹ́ràn rẹ̀, ẹni tó yí síkúrúù fẹ́ kó tètè padà sẹ́nu iṣẹ́. Ohun tó pa ẹ̀rọ ni pé àwọn méjèèjì wá ohun tí yóò pa àmì àìsàn mọ́, kò sì sí èyí tó béèrè ohun tó fà á. Nítorí náà, bí ẹ̀rọ tó ń ṣàìsàn lánàá bá ṣàdédé ń dún ju bó ṣe ń dún nígbà tó jẹ́ tuntun lọ, tí ẹ kò sì mọ ohun tó wo ó sàn, ẹ má yọ̀. Ẹ pa á kíákíá, kí ẹ sì wo inú táńkì.